Bí Mo Bá Jàre Ńkọ́?

Mo tú báàgì Mẹ́kà mi, mo dì í, mo tún tú u. Bàsítì ọmọ mi ti jókòó sínú mọ́tò níta, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó já okùn.

"Ìyá, kí lẹ gbàgbé?"

Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Àbúrò mi Jàmíátù, tó ń gbé ní Gadumo nínú ìlú wa níbí, ni ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá wa ti jáde láyé ni mi ò ti yalé rẹ̀ mọ́. Wọ́n sì ní kí gbogbo àwa tó ń lọ sí Mẹ́kà ti dé ibùdó ní Àbújá kí oòrùn tó wọ̀.

Àáfà Mùtàlíbù ló kó bá mi. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe fún wa kẹ́yìn, ó ní Ọlọ́run sọ nínú Àlùkùráánì pé kò sí àríyànjiyàn nínú Hájì, àti pé Ànábì ṣe onídùúró ilé kan ní àlùjánńà fún ẹni tó bá fi àríyànjiyàn sílẹ̀, kódà kó jàre. Mo nawọ́.

"Àáfà, bí mo bá jàre pátápátá ńkọ́?"

Gbogbo àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Àáfà ní, "Ìyá Bàsítì, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí." Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí.

Èmi sì jàre o! Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín. Àfẹ̀mọ́jú ni ìyá wa jáde láyé, nílé wa ní Kpata. Jàmíátù wà ní Ìlọrin, níbi ìgbéyàwó àwọn àna rẹ̀. Ó ń sunkún lórí fóònù: "Àǹtí mi, ẹ dúró dè mí, mo ti ń bọ̀." A dúró títí a fi kírun Àílà lọ́sàn-án. Tírélà ti dí ọ̀nà mọ́ wọn ní Ọ̀bájánà. Òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀, ta ni ò mọ̀? Èmi ni mo wẹ Ìyá. Wọ́n kírun sí wọn lára, wọ́n sin wọ́n. Omi tí wọ́n wọ́n sórí yẹ̀pẹ̀ ò tíì gbẹ nígbà tí Jàmíátù bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò.

"Ẹ ò jẹ́ kí n rí ìyá mi," ló sọ.

Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo dá a lóhùn níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, lójú gbogbo ẹbí. Mo dá a lóhùn lórí fóònù títí kò fi gbé e mọ́. Hádíìsì ni mo fi ń dá a lóhùn, mi ò sì purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

A ti dé Natako, a ti dojú kọ ọ̀nà Àbújá, kí n tó pariwo mọ́ Bàsítì.

"Dá mọ́tò padà! Gadumo là ń lọ."

"Ìyá, ọjọ́ ń lọ o."

"Ṣé mo bi ọ́ ni?"

Ibi tó ti ń yí mọ́tò ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ti já síwájú wa. Mo yọrí lójú fèrèsé. "Oníranù! Ṣé bàbá ẹ ló ni títì ni?" Ọmọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Mama, no vex." Bàsítì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: "Ìyá, Hájì o!" Mo ti fèrèsé. Áà, mò ń lọ parí ìjà kan, mo ti ń dá òmíràn sílẹ̀ lọ́nà.

Jàmíátù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, torí wọ́n kọ́ wa nílé, àmọ́ kò wò mí lójú.

"Jàmíátù, Mẹ́kà ni mò ń lọ. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Foríjì mí." Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ẹnu mi ò gbà. "Àmọ́ o mọ̀ pé òkú Mùsùlùmí—"

Ó gbé abọ́ ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí mi, ṣé ẹ̀bẹ̀ lẹ wá bẹ̀ ni, àbí wàásù lẹ wá ṣe?"

Bàsítì tẹ họ́ọ̀nù. Hádíìsì wà lẹ́nu mi, tírélà Ọ̀bájánà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Àáfà sọ ń dún létí mi. Mo gbé gbogbo ohun tó wà lẹ́nu mi mì, ó sì korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

"Mi ò ní wí nǹkan kan mọ́," mo ní. "Sọ tìrẹ."

Mo rò pé èébú ló máa bú mi.

"Báwo ni Ìyá ṣe rí nígbà tí ẹ̀ ń wẹ̀ wọ́n? Ohun tí mo ti ń fẹ́ bi yín látijọ́ nìyẹn. Ẹ kì í jẹ́ kí n débẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sọ fún un pé ojú wọn ti pa dé kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo ní omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo lò, torí wọn ò fẹ́ràn omi tútù. Mo ní apá ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ wẹ̀, níbi tí epo tí wọ́n fi ń dín máásà ti jó wọn nígbà tí a wà ní kékeré. Ó ń sunkún, ó sì ń mi orí.

"Irun wọn ńkọ́?"

"Mo dì í ní mẹ́ta, mo dà á sẹ́yìn."

Ló bá dìde, ó tú ìborùn rẹ̀, ó wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo ń di irun fún un lọ sí ilé kéwú. "Ẹ fi hàn mí."

Ewú ti bo iwájú orí rẹ̀, ibi tó ti kọ́kọ́ bo ti Ìyá gan-an. Mi ò mọ̀ pé àbúrò mi ti hewú. Mo pín irun náà sọ́nà mẹ́ta, ọwọ́ mi ń yára. Bàsítì tún tẹ họ́ọ̀nù.

"Ẹ rọra, Àǹtí mi," Jàmíátù wí. "Ẹ má kánjú tèmi náà."

Mo ké sí Bàsítì pé kó pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò.