Ẹ̀rọ Ẹlẹ́nìkan

Mo kórìíra ẹ̀rọ náà látìgbà tí mo ti fojú kàn án. Èyí tó ń yí irin, èyí tó ń lu ihò, èyí tó ń gé e, gbogbo ẹ̀ lórí ìdí kan ṣoṣo! Bí ẹnì kan bá ń fi yí irin lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ lu ihò á lọ jókòó. Kí ni ọkùnrin méjì fẹ́ fi irú ẹ̀ ṣe?

Méjì ni wá: èmi Ọdẹ́wálé àti ẹ̀gbọ́n mi, Ọládèjì. Ẹ̀yìnkùlé wa l'Ókè-Onígbìn la ti ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe. Ẹ̀rọ wa àtijọ́ tá a fi ń yí irin ti daṣẹ́ sílẹ̀, la fi wá sọ́dọ̀ Àhmádù, tó ń ta tòkunbọ̀ l'Ómù-Àrán. Ikùn ẹ̀gbọ́n mi ti wú nígbà yẹn. Dókítà n'Ílọrin ti ní ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ṣùgbọ́n nílé wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Bí ẹkún bá ń gbọn Rúùtù ìyàwó ẹ̀, á ní òun ń lọ pọnmi.

"Méjì la fẹ́," mo sọ fún Àhmádù, "ọ̀kan lọ́tọ̀, ìkejì lọ́tọ̀, ká lè jọ máa ṣiṣẹ́."

"Alápapọ̀ yìí la máa rà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé kí n máa wò yín níran ni, àbí ẹ̀yin lẹ ó máa wò mí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ó ń wò ó bóyá ó ń mì. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á jẹ́ kéèyàn máa pariwo bí ẹni pé ajá ló ń gbó. Inú bí mi! Mo ní ẹ̀rọ ọ̀lẹ ni, mo ní ìkà ló ṣe é, mo ní ká máa lọ sílé. Àhmádù yẹra fún wa, ó lọ ń nu sípánà tí kò dọ̀tí.

"Wálé, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé yẹn kéré. Méjì á dí ọ lọ́nà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Á dí wa lọ́nà, ẹ wí i dáadáa!"

"Ẹnì kan ni yóò máa lò ó. Ìwọ náà mọ̀."

Mo mọ̀. Ta ni ò mọ̀? Ṣé torí pé èèyàn mọ nǹkan, kó wá gbówó lọ rà á? Omi bọ́ lójú mi níwájú Àhmádù, ojú sì tì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan. Ó ní wẹ́dà tó ń bá Àhmádù ṣiṣẹ́ á ṣe tábìlì irin tí ẹ̀rọ náà á gùn lé, gíga ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ìgúnpá ẹni tó ń lò ó mu, kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ tìrora-tìrora, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí téèpù mọ́lẹ̀, ó fà á wá sí ìgúnpá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ga jù mí lọ dáadáa. N ò mọ ìgbà tí mo nàgà lórí ìka ẹsẹ̀, kí tábìlì náà lè bá tiẹ̀ mu.

Ó wò mí lójú. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó rọra tẹ̀ mí wálẹ̀.

"Fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀, àbúrò mi."

Mo fi kanlẹ̀. Ó sì ka nọ́ńbà náà fún Àhmádù.