Bọ́ọ̀lù Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Kí ẹnikẹ́ni tó bú Onésimo, Eduvigis ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ bú. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ lóṣù kẹwàá, kí ìdíje bésíbọ́ọ̀lù ọdún tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó ti há mọ́ ọn nídìí láti ọdún mẹ́fà. Ìkòkò ẹran ewúrẹ́ tó fi ọtí ròm sè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e wọ ọ́fíìsì Onésimo, kóòṣì ẹgbẹ́ Akàn ti ìlú Boca Caoba.

"Onésimo ọmọ mi, má jẹ́ kí Wascar jókòó lọ́dún yìí. Lò ó lójoojúmọ́."

Onésimo ń fa mùdùnmúdùn inú eegun. "Lójoojúmọ́ kẹ̀, ìyá?"

"Lójoojúmọ́, bí oúnjẹ."

"Ó parí. Ẹ ṣáà máa gbé ìkòkò bọ̀."

Ó gbé e bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Eduvigis da tirẹ̀ tán, kò mọ̀ pé epo lòun dà sílẹ̀, àti pé ọmọ òun ló máa yọ̀ ṣubú.

Ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀ ni Wascar, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ajùbọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ eré. Agbapò ni, ẹni tí wọ́n ń pè wọlé láàárín eré. Ẹlòmíràn á ti dáná sun ilé tán, wọn á wá ké sí Wascar pé kó wá pa á. Bó bá pa á, ẹni tó dáná ni wọ́n ń yìn. Bí kò bá pa á, òun ló ni eérú.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà mú un lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wọ bọ́ọ̀sì kiri àwọn ìlú kéékèèké tí ahọ́n Eduvigis kò lè pè. Nínú ọdún mẹ́rìnlá yẹn, ọjọ́ mọ́kànlá péré ló lò nínú líìgì ńlá. Onígi mẹ́fà, àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ló kojú. Ó lé márùn-ún dànù, ẹni kẹfà gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò ní pápá pátápátá, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá a nínú bọ́ọ̀sì. Fọ́tò ọjọ́ mọ́kànlá náà wà lára ògiri Eduvigis, ó ga ju fọ́tò Wúńdíá lọ. Àlùfáà ti bá a wí títí, ọ̀rọ̀ náà ti sú u.

Lọ́dún yìí tí Wascar wà nílé pẹ̀lú Akàn, lẹ́tà dé. Ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà náà máa rán Licinio, ẹni tó ń bá wọn wo àwọn ọmọ eré ní orílẹ̀-èdè Dominika yìí, kó wá wo Wascar ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá. Bí apá rẹ̀ bá ṣì yá, wọn á pè é. Bí kò bá yá, kò sí lẹ́tà mìíràn mọ́ fún ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lẹ́tà náà tún kìlọ̀ fún Onésimo pé kò gbọ́dọ̀ lo Wascar ju ọjọ́ méjì léra wọn lọ, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lóòjọ́.

Onésimo pa òfin yẹn mọ́ bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Nínú pápá ni o. Lẹ́tà kò sọ nǹkan kan nípa ọgbà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tí àwọn agbapò ti ń mú apá gbóná.

Onígi tó ń fi òsì gbá kì í fẹ́ kojú ajùbọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì. Nítorí náà, bí kóòṣì ẹgbẹ́ kejì bá ti fẹ́ rán irú onígi bẹ́ẹ̀ jáde, Onésimo á ṣí fìlà. Wascar á dìde nínú ọgbà, á máa ju bọ́ọ̀lù sí Fremio, àgbà ọkùnrin tó ń hán bọ́ọ̀lù fún àwọn agbapò. Kóòṣì ẹgbẹ́ kejì á rí i, á fà sẹ́yìn. Onésimo á dé fìlà padà. Wascar á jókòó. Tó bá tún ṣe díẹ̀, fìlà á tún ṣí. Wọ́n sọ ọmọ èèyàn di ère tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹyẹ lóko, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ère kì í ju òkò.

Eduvigis ńkọ́? Ijó ló ń jó. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà gan-an ló máa ń jókòó sí. Gbogbo ìgbà tí Wascar bá dìde, òun náà á dìde, á máa mi ìdí.

"Ìyá, mi ò rí pápá mọ́," ni ọkùnrin kan máa ń sọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ohun tí Ọlọ́run gbé síwájú rẹ ni kó o wò."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi jó báyẹn. Ó ń jó síbi tí wọ́n ti ń ya ọmọ rẹ̀ lápá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú Licinio, ó bu kọfí fún Wascar, ó rí i tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife.

"Kí ló ṣe ọwọ́ òsì?"

"Ó ń sùn."

"Jí i. Gbé e sókè kí n rí i."

Wascar gbé e dé èjìká. Ọwọ́ náà já wálẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù mélòó lo jù láti ọjọ́ Ẹtì? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni mo rí ọ nínú pápá."

"Nínú pápá, mẹ́rìndínlógún."

"Níbòmíràn ńkọ́?"

"Níbi tí ẹ ti ń jó yẹn, Màmá? Ó lé ní igba."

Eduvigis gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀. "O ò lè sọ fún Onésimo pé ó ń dùn ọ́?"

"Agbapò tó bá ti ní apá ń dun òun, wọ́n ti sọ ọ́ ní ọ̀lẹ nìyẹn. Wọ́n á gbọ́ ọ ní Amẹ́ríkà kí n tó délé."

Kọfí Eduvigis tútù sórí tábìlì. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di pápá. Onésimo wà lórí àga níbi tí àwọn ọmọ eré ti ń sáré.

"Onésimo, ìkòkò mélòó lo ti jẹ?"

"Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ẹ ò gbé nǹkan kan dání lónìí."

"Mo ní mélòó. Torí ó jọ pé ewúrẹ́ ò yó ọ, apá ọmọ mi lo wá ń jẹ."

Onésimo ṣí ìwé fún un. "Ẹ wò ó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bọ́ọ̀lù mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́rú, ìsinmi. Ológbò mi nìkan ló ń sinmi ju Wascar lọ."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ó hàn. Igba tó jù nínú ọgbà dà?"

"Ìyẹn kì í ṣe bọ́ọ̀lù, ìyá. Ìmúgbóná ni."

"Bí mo bá fọ́ ọ létí nígbà igba, tí mo ní ìmúgbóná ni, ṣé etí rẹ ò ní wú?"

Àwọn ọmọ eré tó wà nítòsí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká wọn ń mì. Onésimo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọwọ́ òsì yẹn ló gbé wa dé ipò kejì. Bí mo bá ń pàdánù, wọ́n á lé mi. Ẹ̀yin náà lẹ sì bẹ̀ mí, àbí ẹ ti gbàgbé?"

"Mo bẹ̀ ọ́ pé kó o lò ó. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kó o fi dẹ́rù ba èèyàn."

"Ó dáa. Kò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù títí di ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí Licinio rí i."

Ọjọ́ Ẹtì, ó pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Sátidé, fìlà ṣí lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Licinio jókòó sẹ́yìn ahánbọ́ọ̀lù, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn eré bọ́ọ̀lù lé itan. Ní abala kẹrin, fìlà ṣí. Wascar ju ọgbọ̀n bọ́ọ̀lù, ó jókòó. Ní abala kẹfà, ó tún ṣí. Eduvigis kò jó. Ó ń fi eyín fa ètè. Ní abala keje, àmì kan ni Akàn fi ṣíwájú, ọmọ ẹgbẹ́ kejì méjì ti wà lójú ọ̀nà, ó sì ku ẹnì kan kí wọ́n lé kí abala náà tó parí. Fìlà ṣí lẹ́ẹ̀kẹta. Wascar ní láti fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìgbọ̀nwọ́ òsì kó tó lè gbé bọ́ọ̀lù sókè.

Ibẹ̀ ni Eduvigis ti ṣí ilẹ̀kùn ọgbà. Ilẹ̀kùn náà tóóró, ìdí rẹ̀ sì há sí i. Ọkùnrin tó ti ń ráhùn láti oṣù kẹwàá ló fi gbogbo agbára tì í wọlé. Ó rìn lọ síwájú Fremio, ó sì jókòó pẹ̀tẹ́ lórí àwo funfun tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí.

"Ìyá, ẹ ń dí mi lójú," ni Fremio wí.

"Mo mọ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Wascar wí. "Gbogbo ayé ń wò wá."

"Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

Ọlọ́pàá méjì dé, wọ́n dì í mú lápá. Ó sọ ara rẹ̀ di àpò ṣúgà, wọn ò rí i gbé. Adájọ́ pápá dá eré dúró. Onésimo sáré dé, òógùn bò ó.

"Ìyá, ẹ dìde."

"Gbé e wọ pápá tàbí kó o jẹ́ kó jókòó. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí lórí ilẹ̀ tó le ju èyí lọ. Mo lè sùn síbí."

Gbogbo pápá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Wascar. Licinio ti dìde, ó ń wo ọ̀kánkán wọn. Onésimo wo ọ̀hún, ó wo ìyá, ó sì nawọ́ sí Wascar pé kó wọlé. Èèyàn mẹ́ta ló gbé Eduvigis dìde. Orúnkún rẹ̀ han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, òun ló sì kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Onígi tó wà níwájú Wascar tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti múra sílẹ̀ de bọ́ọ̀lù tó ń sáré bí iná. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rọra ń bọ̀, onígi náà ti gbá afẹ́fẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ìkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Ó fi etí igi kan ìkẹta, bọ́ọ̀lù náà yí gbirigbiri wá síwájú Wascar, Wascar gbé e, ó jù ú sí ẹni tó yẹ, ó sì tẹ̀ kòló mú èjìká rẹ̀. Wọ́n ti lé onígi náà. Abala parí, Akàn ló sì borí níkẹyìn. Onésimo dì mọ́ Wascar níwájú gbogbo èèyàn.

Lẹ́yìn eré, Eduvigis bá Licinio níbi tó ti ń palẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Wascar tẹ̀ lé e pẹ̀lú yìnyín lápá. Fremio náà ń bọ̀, ó gbé àpò bọ́ọ̀lù.

"O rí i, àbí? Ó pa iná náà."

"Mo rí i, ìyá. Máìlì mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ní wákàtí kan. Òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tó kẹ́yìn, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló ń jù. Ìwé Onésimo sì ní ó ti sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin. Apá tó sinmi ọjọ́ mẹ́rin tó wá ń jù báyìí, ó ti tán. Ohun tí màá kọ nìyẹn."

"Kọ ọ́ pé ó ti ju ọgọ́rin lónìí kó tó wọlé."

"Fọ́ọ̀mù yìí ò ní àyè fún un. Bọ́ọ̀lù tí wọn ò bá jù nínú pápá, wọn ò jù ú."

"Mo jókòó síbẹ̀. Ojú mi rí i."

"Ìyá ìyá rẹ̀ ni yín. Kí ni kí n sọ fún wọn ní Amẹ́ríkà, pé ìyá àgbà ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ni Wascar wí.

Licinio ṣí bírò. Onésimo ti dé ẹ̀yìn wọn, ó ń pọ́n ẹnu lá. Fremio, tí kò sọ̀rọ̀ níwájú kóòṣì rí láti ọdún méjìlá tó ti ń hán bọ́ọ̀lù nínú ọgbà yẹn, sọ àpò kalẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú Licinio. Àtẹ́lẹwọ́ náà pọ́n, ó sì wú títí dé ọrùn ọwọ́.

"Ọ̀gá," ó ní, "èmi ni mo hán gbogbo rẹ̀. Ẹ ò ní bi mí ni?"