Omi Mẹ́kà Nínú Ẹ́ńjìnnì Làtíìfù

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin náà kò ju odindi búrẹ́dì kan lọ. Làtíìfù Ajíbóyè ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án fún oṣù mẹ́rìnlá, nínú yàrá kótópó tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wọn ní Peckham. Bàbà ló fi ṣe bọ́ílà, ìyẹn ìkòkò inú rẹ̀ tí omi ti ń hó. Agolo Mílò ló gé ṣe òrùlé. Ó kùn ún pupa bí ata rodo, ó wá fi páìpù omi àtijọ́ ṣe ihò èéfín fún un, àmọ́ páìpù náà tóbi ju ara tí wọ́n gbé e lé lọ, gbogbo rẹ̀ wá jọ ìjàpá tó yá fìlà àna rẹ̀ dé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín ni yóò rín. Bí wọ́n bá wá dáná sí i lábẹ́, tí omi hó, tí ẹsẹ̀ irin wẹ́wẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri, ẹ̀rín á dá lẹ́nu onítọ̀hún.

Àsúmáù ìyàwó rẹ̀ kò fi ẹ́ńjìnnì yẹn rẹ́rìn-ín rí. Ó mọ ohun tó ṣe fún wọn nínú ilé.

Ọdún kejì rèé tí àìsàn gbé Làtíìfù ṣánlẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan kú. Ọlọ́run ṣàánú, ẹsẹ̀ padà, ọwọ́ náà rọra padà. Ẹnu ni kò padà. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ahọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló tán nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ti ṣe fítà, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ní ibi iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, tí ohùn rẹ̀ máa ń borí ohùn òòlù, òun ló wá di ẹni tí kì í sọ ju "hẹn" àti "ó dáa" lọ. Láti àsùbáà títí di mọ̀gàríbì, ojú fèrèsé ló ń jókòó sí, tó ń ka bọ́ọ̀sì tó ń kọjá. Àfìgbà tí Sherifdeen ọmọ wọn ra àpótí irinṣẹ́ àlòkù kan ní ọjà Deptford, tó gbé e lé bàbá rẹ̀ nítan. Ní ọjọ́ kẹta, Àsúmáù gbọ́ tí wọ́n ń ha irin nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, kò lè ro ọbẹ̀ mọ́.

Ohun tó bá gbé aláìsàn dìde, ta ni kò ní fi àdúrà tì í lẹ́yìn? Làtíìfù kì í bu omi ẹ̀rọ sínú bọ́ílà, nítorí omi Peckham a máa fi nǹkan funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù. Omi bátìrì, tí kì í fi nǹkan kan sílẹ̀, ló ń rà, ó ń gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì kan lábẹ́ tábìlì. Àsúmáù ní omi Sàmúsámù tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà lọ́dún tó lọ ṣe Hajj, àwọn tó ń lọ lẹ́yìn rẹ̀ náà sì máa ń bù fún un. Ó bu ìdérí ìgò kan ṣoṣo sínú kẹ́ẹ̀gì náà, ó ṣe bisimilá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ yí, tí Làtíìfù ké sí i pé kó wá wò ó. Ó pe orúkọ rẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, ìdérí di ife, ife di ìdajì kẹ́ẹ̀gì. Oògùn tó bá ń jẹ́, a kì í ṣahun rẹ̀. Kò sì sọ fún ẹnì kankan, torí ọ̀rọ̀ àdúrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Forest Hill, àwọn àgbàlagbà tó ń kan irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ojú irin kékeré nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kankan kò gbọdọ̀ gun un tí wọn kò bá tíì yẹ bọ́ílà rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n dá fún Làtíìfù, ó gbé e sórí itan nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni gbé ọmọ ìkókó lọ gba abẹ́rẹ́. Àsúmáù jókòó tì í. Ó mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀: tí wọ́n bá dá ẹ́ńjìnnì yìí padà, ojú fèrèsé ni ọkùnrin yìí ń padà sí.

Asher ni wọ́n ń pe ẹni tó ń yẹ bọ́ílà wò, bàbá onírùngbọ̀n kan tí kì í kánjú. Ó bèèrè irú omi tí Làtíìfù ń lò. Làtíìfù ní omi bátìrì ni, omi mìíràn kò wọ inú rẹ̀ rí. Asher kọ ọ́ sínú ìwé. Gẹ̀ẹ́sì Àsúmáù kò pọ̀, àmọ́ ìyẹn yé e. Ó gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe fi gbogbo ẹnu sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di èké mọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Inú ilé ẹgbẹ́ ni wọ́n ti dáná. Asher ń nàka sí géèjì tó ń wọn agbára ooru, ó ní bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá dé ojú ìlà pupa, fáàfù orí bọ́ílà gbọ́dọ̀ ṣí fúnra rẹ̀ kí ooru sá jáde; bí kò bá ṣí, bọ́ílà lè bẹ́. Làtíìfù tẹ̀ ba lé e lórí, ojú rẹ̀ kò jìnnà sí i ju ìbú ọwọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ ń gòkè. Àsúmáù náà wo fáàfù yẹn, ó rí òrùka funfun kan yí ẹnu rẹ̀ ká. Ó mọ funfun yẹn. Ìdí kẹ́tùlù rẹ̀ ló ti ń fi fínígà yọ ọ́ lóṣooṣù. Omi ẹ̀rọ kò sì dé inú bọ́ílà yìí rí; omi tòun nìkan ló kù.

"Baba Sherifdeen," ó ní, "ẹ pa iná yẹn."

Làtíìfù kò gbé orí.

"Mo ní kí ẹ pa á. Omi Sàmúsámù wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo ń bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì yín, ó ti lé ní oṣù mẹ́rin."

Làtíìfù fa àtùpà kúrò lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó yíjú sí Asher, ó sọ fún un pé omi mímọ́ láti Mẹ́kà wà níbẹ̀, òun kò mọ̀. Asher kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìlà gba orí ohun tó kọ, ó dúró títí nǹkan fi tutù, ó tú fáàfù náà. Ọta kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kó máa fò sókè. Ó fi igi ìṣáná tì í, igi dá. Ó fi ìṣó tì í, kò mira. Ó gbé e lé Àsúmáù lọ́wọ́ kó fọwọ́ kàn án: ó ti gan mọ́ ibẹ̀ bí òkúta. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ibi tí ojú náà wà lẹ́ẹ̀kan, lórí bọ́ílà tí ì bá bẹ́.

Àsúmáù fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè bóyá fínígà wà ní ilé ìdáná ẹgbẹ́ náà. Ó wà. Wọ́n rẹ fáàfù sínú rẹ̀, wọ́n fi ìyókù fọ inú bọ́ílà lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó kọ́kọ́ jáde dà bí omi èkọ. Wọ́n fi omi bátìrì ti ẹgbẹ́ ṣan án, wọ́n sì bù ú sínú rẹ̀. Gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀yìn ni Làtíìfù kọ sí i. Àsúmáù ń ka àsìtàgàfúrúlàì lórí ìka.

Wọ́n tún dáná. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó gòkè, ó kan ìlà pupa, fáàfù sì ṣí ṣùùù, ooru funfun rọ́ dé àjà. Abẹ́rẹ́ dúró síbẹ̀, kò kọjá rẹ̀ ní ìwọ̀n irun. Asher wò ó títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fọwọ́ sí ìwé. Àsúmáù jókòó sórí àpótí tó sún mọ́ ọn. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún lẹ́yìn ìrìn ọ̀nà jíjìn.

"Àsúmáù," ni Làtíìfù wí.

"Ẹ má bínú."

"Ṣé o fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mi di Alhaji ni?"

Ó wo ojú rẹ̀ bóyá ìbínú ni. Èjìká ọkùnrin náà ti ń mì. Ẹ̀rín tí kò gbọ́ láti ọdún méjì ló bú jáde yẹn, tó fi di ògiri mú. Asher ní kí ni wọ́n sọ, Làtíìfù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Hajj fún un, àti omi, àti obìnrin, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ ju èyí tó ń sọ nílé lóṣù kan lọ.

Wọ́n gbé e lé ojú irin. Ó fọn fèrè, ó gbéra, pupa rẹ̀ ń yọ láàárín koríko, Làtíìfù ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó ń pe ibùdókọ̀ bó ṣe ń lọ: "Ìddó. Èbúté Mẹ́ta. Yábàá. Múṣin. Oṣòdì. Agége."

Àsúmáù ní ó fo Ìkẹjà.

"Ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ lójú ọ̀nà kì í dúró ní Ìkẹjà. Ṣé ìwọ lo ṣe fítà ni àbí èmi?"

Ó ní òun kò ṣe fítà, àmọ́ òun wọ̀ ọ́ dàgbà, ó sì máa ń dúró. Làtíìfù ní kì í dúró. Àsúmáù ní kó lọ bi ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀ wò. Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ Ìkẹjà nígbà tí bọ́ọ̀sì gbé wọn dé Peckham.