Òwúrọ̀ Tí Gbogbo Kọ̀ǹpútà Kọ Orin Mi

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìwọ tí o dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọlé, kí atẹ́gùn má baà gbé ọ̀rọ̀ mi lọ kí o tó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá rí àga, kó jókòó. Ẹni tí kò rí, kó fara ti ẹnì kejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ máa pariwo rẹ̀ láti òkèèrè.

Mi ò kàwé lọ títí. Mo lè kọ orúkọ mi, mo sì lè ka àkọlé ìwé ìròyìn bó bá tóbi. Ṣùgbọ́n orin! Bí mo bá ń gbálẹ̀, orin ni. Bí mo bá ń fọ abọ́, orin ni. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé bí òun bá ń wá mi nínú ilé, etí lòun fi ń wá mi.

Ọmọ ọmọ mi ni ìtàn yìí dá lé. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí pé kò mọ jẹ́jẹ́ rárá. Ó ń sáré jẹun, ó ń sáré sọ̀rọ̀, bàtà rẹ̀ kì í sì í pẹ́ gbó. Òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ní gbọ̀ngàn ìkàwé tó wà ní ìparí àdúgbò wa. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ máa ṣe é wò ná, pé Ọ̀gá pátápátá ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, òun ni yóò sọ bóyá á dúró tàbí á lọ. Iṣẹ́ yẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Bó bá sùn, ó ń lá a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn kọ̀ǹpútà náà ṣe rí. Wọ́n pẹlẹbẹ bíi pátákó tí a fi ń gé ẹran, wọn kò sì ní ọpọlọ tara wọn. Inú ẹ̀rọ ńlá kan ní yàrá ẹ̀yìn ni gbogbo ọpọlọ wà. Láàárọ̀, bí Jẹ́jẹ́ bá tan wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ké sí ẹ̀rọ ńlá náà pé, "Ta ni mí? Báwo ni kí n ṣe máa ṣe lónìí?" Ẹ̀rọ ńlá á wá ka fáìlì fún un. Fáìlì gbogbogbò wà, ti gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ ohun tó yàtọ̀ á ní fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo ní, "Àṣé bí ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ ni. Á pàṣẹ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n lọ wẹ̀, á wá yọ́ sọ fún ọ̀kan pé, 'Ìwọ, omi gbígbóná ni kí o lò o, ikọ́ ń ṣe ọ́.'"

Jẹ́jẹ́ dì mọ́ mi. "Ìyá àgbà, ẹ ti fẹ́ gba iṣẹ́ mi!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Ọ̀gá ń bọ̀, ó ní òun fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní tèmi. Lẹ́tà rẹ̀ á tóbi fún ojú mi. Ọfà tó ń rìn kiri lójú rẹ̀ á sanra, á sì máa rọra rìn, torí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Bó bá sì jí, orin mi ni yóò fi jí. Ó gba ohùn mi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀:

Ilẹ̀ mọ́, mo jí o,
Ara mi yá gágá,
Ẹni tó ń sùn, dìde o,
Oòrùn ti wọ yàrá!

Ó ṣí fáìlì mi, ó ṣí ti gbogbogbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè máa wò ó kọ. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé wa, bí ẹnì kan bá dá orin, kò sẹ́ni tó lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo dá a, ó gbè é. Ọwọ́ ń kọ fáìlì, ìdí ń jó lórí àga. Bí a ti dé ibi tí oòrùn ti wọ yàrá, ó na ọwọ́ sókè, ó fi í tẹ bọ́tìnnì tó ń fi iṣẹ́ pamọ́, pàà! Kò wo èwo nínú fáìlì méjèèjì ló ń kọ sí. A tilẹ̀kùn, a ń kọrin lọ sílé.

Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó, Bàbá Dírẹ́bà náà ti gba àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ojoojúmọ́ ló ń wá ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Jẹ́jẹ́ tan iná. Ni gbogbo kọ̀ǹpútà bá lanu:

"Ilẹ̀ mọ́, mo jí o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi! Èmi nìkan ṣoṣo, mo di ẹgbẹ́ akọrin! Àwọn kan ṣáájú, àwọn kan ń sáré tẹ̀lé wọn. Lẹ́tà sanra bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ọfà ń rìn bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Mo ti ń jó kí n tó rí ojú Jẹ́jẹ́.

"Mo gbé! Inú fáìlì gbogbogbò ni mo kọ ọ́ sí! Ìyá àgbà, Ọ̀gá ti ń bọ̀ lọ́nà!"

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì kó pa gbogbo wọn, nígbà tí Bàbá Dírẹ́bà figbe ta.

"Wọ́n nà wá!"

"Ta ni wọ́n nà, Bàbá?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù mi! Òun rèé gbàǹgbà! Látọjọ́ Sátidé ni mo ti ń yangàn kiri àdúgbò pé a borí!"

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kà á?"

"Kí ni mo kà? Kòkòrò lásán ni mo máa ń rí. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín." Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Tí o bá fi lè pa nǹkan yìí, èmi àtìẹ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà."

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá bá wa. Obìnrin gíga ni, ojú rẹ̀ le koko. "Irú ariwo wo rèé?"

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Àṣìṣe mi ni. Ohun tí mo ṣe fún kọ̀ǹpútà kan ni mo kọ sí fáìlì gbogbo wọn. Mo ní ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀, mo lè dá a padà."

"O ò gbọdọ̀!" ni Bàbá Dírẹ́bà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kó dá a padà," ni akẹ́kọ̀ọ́ kan wí. "Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ti kún ojú kọ̀ǹpútà mi. Mi ò mọ̀ bóyá ìwé ni mò ń kà tàbí pátákó ojú títì."

"Dúró kí ìwọ náà dàgbà, ká wo ẹni tí yóò máa fẹjú kiri!" ni Bàbá Dírẹ́bà dá a lóhùn.

Ọ̀gá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan. Mo rí i tó ki ọwọ́ bọ báàgì, bí ẹni fẹ́ mú awò ojú, ló bá tún yọ ọwọ́ lófìfo. Ó ka ìlà kan. Ó ka òmíràn. Ó wá gbójú sókè wo Jẹ́jẹ́. "O ti gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì. Kí lo fẹ́ ṣe sí i?"

Mo mọ̀ pé ìdáhùn yẹn niṣẹ́ ọmọ mi rọ̀ mọ́.

Jẹ́jẹ́ dìde. "Màá dá ti gbogbogbò padà sí bó ṣe wà. Màá wá ṣe fáìlì kan sáàárín, ti ìlà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nìkan, tòun ti lẹ́tà ńlá àti ọfà tó sanra. Ẹni tó bá wù kó lọ jókòó síbẹ̀, a ò ní bi í pé kí ló dé. Orin á wà nínú fáìlì Ìyá àgbà."

"Ó dáa. Ṣe é kí n rí i."

Orin ti dé ọ̀fun mi, mo fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ tí kò mọ jẹ́jẹ́ wá ń rọra ṣe! Kó tó fi fáìlì kankan pamọ́, á fi ìka tọ́ka sí orúkọ rẹ̀, á kà á sókè. Lẹ́yìn náà ló pa gbogbo wọn, ó tún wọn tàn.

Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ jí, lẹ́tà wẹ́wẹ́, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìlà fèrèsé jí, lẹ́tà ńláńlá, òun náà dákẹ́. Tèmi nìkan láàárín wọn ló wá gbé e: "Ilẹ̀ mọ́, mo jí o!" Ni gbogbo ilé bá pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá dìde, ó gbé báàgì rẹ̀. Mo rò pé ó ń lọ ni. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló gbà lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún díẹ̀ fún mi." Ó jókòó ti Bàbá Dírẹ́bà, ó dojú kọ ìwé tó ń kà, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn tó fi sọ ọ́: "Iṣẹ́ ti di tìẹ, ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n má kọrin mọ́ bí o bá ń kọ fáìlì."

"Ẹ ṣé mà! Ṣùgbọ́n ìyẹn le o, mà!"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ bó bá ti fi í pamọ́ tán." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ti din ẹyin láti ilé, mo ti ra búrẹ́dì, mo ti po tíì sínú fúláàsì. Mo ní bí wọ́n bá lé ọmọ mi, á fi tura. Bí wọ́n bá gbà á, a ó fi yọ̀. Wọn kì í jẹun nínú gbọ̀ngàn, la bá kó o jáde sábẹ́ igi. Akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, Ọ̀gá jẹ, ó tún bu kún un. A jẹ títí abọ́ fi mọ́, olúkúlùkù sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀.

Bàbá Dírẹ́bà ni kò tètè délé. Ẹnu ọ̀nà tó bá kàn ló ń dúró sí, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń sọ fún wọn pé wọ́n na ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù òun, òun sì fojú ara òun kà á. Bó bá sọ ọ́ tán, á tún gbé orin mi, á kọjá sílé kejì.