Gbólóhùn Kejì Nínú Ìwé Lọ́yà

Mi ò kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Fíríìjì ni mò ń tún ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà Yìnyín Dára, ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní títì kejì, tí àwọn náà ń tún fíríìjì ṣe. Wọ́n ní bí èèyàn bá tẹ orúkọ àwọn sórí fóònù láti wá àwọn, ìpolówó ṣọ́ọ̀bù mi ló ń kọ́kọ́ yọ. Wọ́n ní àwọn ti forúkọ yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àwọn nìkan ló ni ín. Kí n yọjú láàárín ọjọ́ méje, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kóòtù. Mo ka "kóòtù" yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àbúrò ìyàwó mi ló bá mi ṣe ìpolówó náà. Mo pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fún mi lọ́rọ̀ ọ̀hún o! Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá tẹ̀ sórí fóònù ni ìpolówó fi ń yọ. Mo ní kí ẹ kọ ohun tí oníbàárà máa ń sọ tí wọ́n bá dé."

Lóòótọ́ ni. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń kọ ọ́: fíríìjì ò tutù mọ́, fíríìjì ń jò, ṣé Yìnyín Dára nìyí. Àwọn tó ṣìnà ló ń béèrè ìyẹn. Ó ní kí n kọ gbogbo ẹ̀, mo bá kọ gbogbo ẹ̀.

"Ẹ tiẹ̀ kọ 'ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi tútù wà' náà síbẹ̀," ó ń rẹ́rìn-ín.

"Má fi mí ṣẹ̀sín. Yọ orúkọ náà."

Ó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ bá lọ́yà náà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Obìnrin ni. Ó na ìwé kan sí mi. "Ẹ fọwọ́ sí i, bàbá, ọ̀rọ̀ ti parí."

Mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní lo orúkọ náà mọ́. Ìyẹn dáa. Gbólóhùn kejì: mo mọ̀ọ́mọ̀ lò ó láti fi tan oníbàárà jẹ.

"Màdáámù, èyí kì í ṣe òótọ́."

"Bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Tí mo bá fọwọ́ sí i, ta ló máa ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná ẹ̀ fún mi láti tún fíríìjì ṣe?"

Ó na bírò sí mi. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo fa ìlà gba orí gbólóhùn kejì, mo fọwọ́ sí ìyókù.

"Ta ló ní kí ẹ pa á rẹ́?"

"Ẹ má bínú, màdáámù." Àmọ́ nígbà tó na ìwé mìíràn sí mi, mi ò gbà á.

Ó gbé e wọlé lọ bá ọ̀gá ẹ̀. Mo tẹ́tí.

"Ṣé orúkọ náà ti kúrò?"

"Ó ti kúrò, sà. Mo wò ó láàárọ̀."

"Kí lẹ tún ń wá lára ẹ̀?"

Ó jáde, ó lu òǹtẹ̀, ó fún mi ní ẹ̀dà kan. "Ẹ máa lọ. Ojú wa ń bẹ lára yín o."

"Ẹ ṣé, màdáámù."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di irin àtẹ̀gùn mú títí mo fi délẹ̀.