Abọ́ Omi Tí Bàbá Lydia Fi Fọwọ́

Ojú Lydia rí màbo lọ́dún 1994. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel Adégbóyè, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti Èkìtì, ti fàáké kọ́rí pé òun kò rán ọmọ òun lọ sí yunifásítì kó wá fẹ́ kúùkù. Kúùkù sì ni Dúrósinmí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ilé oúnjẹ àwọn Ṣáínà kan ní Okokomaiko ló ti ń dáná. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ìyá Lydia fi bẹ bàbá. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ náà sú bàbá, ó ní kò burú, òun á lọ jẹun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tí òun bá sì sọ kí òun tó dìde, abẹ gé e.

Òun àti Lydia lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Tábìlì mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fáànù kan tó ń ké ṣáá. Àwọn ọlọ́jà Àlàbá àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rọ́ lọ síbẹ̀, torí oúnjẹ wọn kò wọ́n. Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń pò, wọ́n á fi ẹran àti kábéèjì sí i nínú, wọ́n á pa á létí dé, wọ́n á wá bọ̀ ọ́ lómi. Mítípáì bíbọ̀ làwọn oníbàárà ń pè é.

Ìyá Ṣáínà tó ni ilé oúnjẹ náà kọ́kọ́ gbé abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan síwájú bàbá. Omi tí wọ́n fi bọ oúnjẹ ni, wọ́n já ewé àlùbọ́sà díẹ̀ sí i, mímu ni wọ́n sì ń mu ún. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n á gbé abọ́ omi síwájú rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé, tí kò ní mọ iṣẹ́ tó wà fún? Bàbá ká apá kóòtù rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀, ó sì fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní. Ewé àlùbọ́sà kan lẹ̀ mọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin méjì tó wà ní tábìlì kejì ti fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ìyá Ṣáínà náà sì ti lanu. Lydia mọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀rín kan ṣoṣo, bàbá á dìde, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó á sì parí síbẹ̀.

Dúrósinmí yọ láti ilé ìdáná. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na aṣọ ìnuwọ́ sí bàbá, ó sì gbé abọ́ omi náà kúrò bí ẹni pé ohun tó torí rẹ̀ jáde nìyẹn. Bó ti ń kọjá lọ, ó wo àwọn ọkùnrin náà lójú. Wọ́n dorí kodò. Ìyá náà sì panu dé.

Oúnjẹ dé. Bàbá jẹ ọ̀kan, ó jẹ èkejì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ó ti jẹ mẹ́sàn-án nígbà tó rí ọ̀kan nínú àwọn ará tábìlì kejì tó gbé abọ́ omi tirẹ̀ sẹ́nu, tó ń mu ún. Bàbá dẹ́kun jíjẹ. Ó wo òrùka rẹ̀, ó sì rọra ṣa ewé náà kúrò. Lydia ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kú lónìí.

Bàbá pe Dúrósinmí. “Mímu ni omi yẹn, àbí?”

“Ẹ má bínú, sà. Àwa la ò tètè gbé omi ìfọwọ́ wá.”

Bàbá yíjú sí Lydia. “Ẹni tó bo àṣírí mi lójú ayé yìí á bo tìrẹ nínú ilé. Kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀ wá rí wa.”

Ara tu Lydia pẹ̀sẹ̀. Láti àárọ̀ kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu, ló bá fa àwo oúnjẹ bàbá rẹ̀ mọ́ra, ó ń jẹ ìyókù, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá ní kí wọ́n bu omi náà wá, kí òun tọ́ ọ wò. Nígbà tó dé, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ṣé ó dá wọn lójú pé kò sẹ́ni tó ti fọwọ́ sí i.

“Ó dá mi lójú, sà,” ni Dúrósinmí wí, bàbá sì mu ún tán.