Àwọ̀lékè Bọ́ọ̀lù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má bá mi fi ẹnu dídùn bò ó: ìlara ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo yọjú lójú fèrèsé, tí mo rí Bọ́ọ̀lù, ọmọ obìnrin kan tó ń gbé ọ̀kánkán mi, tó ń yí gbirigbiri wọ jẹ́lé-ó-sinmi tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, inú mi gbóná débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi níka. Ó wọ àwọ̀lékè aláwọ̀ ewé. Èmi ni mo rán àwọ̀lékè yẹn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi rán an, mo lẹ àpò sí i láyà, mo sì ń rò lọ́kàn mi pé Péńpé, ọmọ mi, ló máa wọ̀ ọ́.

Ilé ìjọba là ń gbé. Owó ilé ò wọ́n, àmọ́ òfin ibẹ̀ pọ̀ ju yàrá ibẹ̀ lọ. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sin ajá. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sá aṣọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣòwò nínú yàrá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló kàn mí, nítorí aránṣọ ni mí, máṣíìnì mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn níbi tí àwọn ẹlòmíì ń gbé àga sí. Kí ni kí n ṣe? Bàbá Péńpé ń wa ọkọ̀ ẹrù, ó lè lọ kó má padà fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹni tó máa bá mi gbé ọmọ. Nítorí náà mò ń ránṣọ sínú yàrá, etí mi kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà nítorí ọ̀gá tó ń bójú tó ilé, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Akanlẹ̀kùn.

Ọkùnrin yẹn ò mọ iṣẹ́ méjì. Kó jí ní kùtùkùtù, kó wọ bàtà rẹ̀ tó ń dán, kó máa kanlẹ̀kùn kiri kí àwọn èèyàn tó ráyè kó nǹkan pa mọ́. Kò sì sí ẹni tó ń gbé ilé wa tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe: bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, o ò sí nílé. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mò ń sọ yìí gan-an, ó wá. Mo wà nídìí máṣíìnì, ariwo rẹ̀ gba yàrá kan, lójijì ni mo gbọ́ gbà, gbà, gbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀mí mi fò! Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, mo fa aṣọ ibùsùn bò ó, mo fò mọ́ Péńpé, ẹni tó ti ń nawọ́ sí ilẹ̀kùn, tó ti la ẹnu. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. A dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún kàn án. Nígbà tó yá, ẹni náà bá tirẹ̀ lọ. Mo jó yí yàrá ká! Mo ní, "Akanlẹ̀kùn, o pàdé ọ̀gá ẹ lónìí." Inú mi dùn títí di alẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀lù dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ kan tó ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọ̀gá obìnrin ibẹ̀ yí inú aṣọ síta, ó wo ojú òwú, ó ní, "Wá bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Iṣẹ́ olóṣù ni o. Àmọ́ má gbé ọmọ wá síbí. Ẹ̀rọ tó ń gé aṣọ wa ò mọ ìka ọmọdé yàtọ̀ sí aṣọ." Mo ní kò sí wàhálà. Ṣebí mo ti lọ bá Màmá Ìsàlẹ̀.

Màmá Ìsàlẹ̀ ló ni jẹ́lé-ó-sinmi náà. Ìyá arúgbó ni, sílípáàsì rẹ̀ a máa wọ́ nílẹ̀ ṣàà, ṣàà, débi pé tí Péńpé bá fẹ́ sọ pé òun fẹ́ lọ wo àwọn ọmọ tó ń ṣeré nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni yóò máa wọ́ kiri yàrá. Ọmọ tí ìyá yẹn lè gbà ò pọ̀, yàrá rẹ̀ ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ló sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé, "Ìwọ ló kàn. Bí àyè bá ti yọ, èmi fúnra mi ni màá wá bá ẹ." Kí n má bàa jókòó lásán ni mo ṣe rán àwọ̀lékè fún gbogbo ọmọ ibẹ̀, ọ̀fẹ́, mo sì rán ọ̀kan lé e.

Ọ̀kan tó lé yẹn ló wá wà lọ́rùn Bọ́ọ̀lù.

Ìyá rẹ̀ là ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ilé ìfọṣọ ọsìbítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá kí ẹ, á rẹ́rìn-ín. Tí òjò bá pa á, á rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ń sùn sílé lójoojúmọ́, èyí nìkan ti tó mi í bínú sí. Fèrèsé tirẹ̀ ló kọjú sí oòrùn òwúrọ̀. Aṣọ tó bá sá funfun ju tèmi lọ. Gbogbo ohun tí mo bá ń wá láyé yìí, ọwọ́ obìnrin yẹn ni mo máa ń bá a, ẹ̀yìn mi ló sì dé tó wá bẹ Màmá Ìsàlẹ̀!

Mo dúró dè é lórí àtẹ̀gùn. Ó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó ń fì í síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun lọ́wọ́. Ọwọ́ tó ń fì yẹn ló bí mi nínú jù.

"Ìyá Péńpé, ẹ káàárọ̀ o."

"Ẹ kú oríire," ni mo wí. "Mo rí Bọ́ọ̀lù. Ẹ ti di èèyàn ńlá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èèyàn ńlá kẹ̀? Ọlọ́run ló ṣe é."

"Ọlọ́run nìkan? Kí lẹ gbé fún Màmá Ìsàlẹ̀?"

Ẹ̀rín náà dúró díẹ̀. "Mi ò gbé nǹkan kan fún wọn. Wọ́n wá bá mi, wọ́n ní kí n gbé ọmọ wá, mo gbé ọmọ wá."

"Ẹ gbé ọmọ wá!" Mo yínmú. "Bí ẹni ń bu omi mu."

"Ìyá Péńpé, mo rò pé ẹ ti rí ibòmíì ni. Màmá ní..."

"Ẹ má bá mi rò ó! Ẹ fi ìyẹn nìkan sílẹ̀ fún mi, ó ṣe tán, ẹ ti gba gbogbo èyí tó kù."

Ó tún rẹ́rìn-ín, irú èyí tí èèyàn ń rín tí kò bá mọ ohun tó máa sọ. Yẹ̀yẹ́ ni mo pè é. Mo wọlé, mo gbá ilẹ̀kùn dè, mi ò lè rán ẹyọ ojú abẹ́rẹ́ kan. Gbogbo ìgbà tí ariwo àwọn ọmọ bá gòkè wá láti ìsàlẹ̀, ṣe ló ń ṣe mí bíi pé ohùn Bọ́ọ̀lù ló yọ láàárín wọn. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo fa Péńpé lọ́wọ́, mo sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ọmọ ń sùn lórí ẹní. Bàtà wọn kéékèèké wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àwọ̀lékè wà lórí ìṣó lára ògiri, gbogbo yàrá ń rùn fún ọṣẹ àti mílíìkì.

"Màmá, mo wá kó iṣẹ́ mi."

"Iṣẹ́ wo?"

"Àwọ̀lékè. Gbogbo ẹ̀ pátá. Bí ọmọ tèmi ò bá ní wọ̀ ọ́, kí ẹnì kankan má wọ̀ ọ́."

Mo ti múra ìjà. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá yẹn ṣe? Ó ní, "Rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ń sùn. Àwọn nìyẹn lára ògiri, kó wọn." Ó ń bá aṣọ tó ń ká lọ. Ojú wá tì mí, àmọ́ mo ti sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn.

"Ó dùn mí, ọmọ mi," ló wí lẹ́yìn mi. "Mo ti rò pé o fẹ́ àyè yẹn ni."

"Mo fẹ́ ẹ! Ta ló ní mi ò fẹ́ ẹ?"

"Ìwọ ni. O ò ṣílẹ̀kùn fún mi."

Aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi wúwo.

"Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń gbọ́ máṣíìnì ẹ," ló wí. "Mo kanlẹ̀kùn, máṣíìnì dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ nínú yàrá. Mo tún kàn án. Mo ní, ó dáa, ó ti rí ẹni bá a gbé ọmọ, ojú ló ń tì í láti sọ fún mi. Bí mo ṣe yí padà, ìyá Bọ́ọ̀lù ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó pọn ọmọ, ó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ní òdìkejì ìlú, bó ṣe ń ṣe láràárọ̀. Mo wá fún un."

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò pè mí? Kí ẹ kàn ní, èmi ni o!"

"Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń sùn nínú ilé yìí. Èmi kì í pariwo lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń kàn án."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Péńpé, mo ní, "Ta ló kanlẹ̀kùn lánàá nígbà tí mo bò ẹ́ lẹ́nu?" Ọmọ náà wò mí, ó wo ìyá arúgbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣàà, ṣàà.

Ìyá náà ṣàánú mi. Ó ní ìdílé kan ń múra àtikó lọ, bí wọ́n bá lọ kí Mọ́ńdè tó dé, òun máa gòkè wá. "Àmọ́ bí mo ṣe máa ń kanlẹ̀kùn náà ni màá kàn án o."

"Màá ṣí i, Màmá. Bó jẹ́ afẹ́fẹ́ ló kàn án, màá ṣí i."

Mo dá àwọn àwọ̀lékè padà sórí ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin rò pé ìlara mi tán níbẹ̀? Ó tún wá le sí i ni! Nígbà tí mo rò pé Ẹlẹ́rìn-ín gba ẹ̀yìn mi lọ gba nǹkan mi ni, mo ṣì rí ẹni di ẹ̀bi rù. Báyìí, kò ṣe mí ní nǹkan kan, ó sì ní gbogbo rẹ̀. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú yàrá mi, mò ń yí kiri lórí ibùsùn bí ẹni tí èèrà ń jẹ.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó kanlẹ̀kùn tí mi ò ṣí i fún. Mo ṣí i fún ẹni tó wá ka mítà. Mo ṣí i fún ọkùnrin kan tó ṣi ilẹ̀kùn kàn, tí mo kí tayọ̀tayọ̀ débi pé ó sá. Ẹni tí mò ń retí ò wá. Mo ránṣẹ́ sí ọ̀gá obìnrin pé kó fún mi láyè díẹ̀ sí i. Ó ní ẹlòmíì wà nílẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ náà, Mọ́ńdè ni Mọ́ńdè.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo wẹ Péńpé, mo di báàgì rẹ̀. Mo ti rán àwọ̀lékè tuntun fún un, ó ti wọ̀ ọ́, okùn ẹ̀yìn nìkan ló kù tí mò ń rán lórí máṣíìnì. Wọ́n kanlẹ̀kùn.

Mo fò dìde. Péńpé mi orí. "Kì í ṣe àwọn, màámi."

"Dákẹ́, àwọn ni!"

"Kì í ṣe àwọn. Bàtà ni."

Mi ò gbọ́ tirẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo ti ń kúnlẹ̀, mo ti ń sọ pé, "Màmá mi, ẹ káàbọ̀ o!" Bàtà tó ń dán ló wà níwájú mi.

Akanlẹ̀kùn ò tiẹ̀ pariwo. Ó wo èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ó wo máṣíìnì tí mi ò da nǹkan kan bò, iná rẹ̀ ṣì ń tàn, okùn aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Mo ti ń kan ilẹ̀kùn yìí tipẹ́, ìyá." Lẹ́yìn náà ló ní, "Máṣíìnì yẹn ò gbọ́dọ̀ sun ibí lónìí. Bó bá sun ibí, ẹ̀yin náà ò ní sun ibí mọ́." Ó kọjá lọ síbi ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn ọ̀kánkán ṣí. Ẹlẹ́rìn-ín jáde, Bọ́ọ̀lù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwọ̀lékè mi. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó rẹ́rìn-ín, kí n lè rí nǹkan bínú sí.

Péńpé rí aṣọ kan náà lọ́rùn Bọ́ọ̀lù. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba abẹ́ apá mi kọjá, ó di Bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín dúró, ó ń wojú mi, kò mọ̀ bóyá kí òun tẹ̀ lé wọn.

"Péńpé," ni mo wí, "padà wá."

Kò padà. Mo lọ já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Bọ́ọ̀lù, mo sì gbé e wọlé.